Orúkọ Bàbá Galgaloo

Etaferahu ni wọ́n ń pe obìnrin tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi ní ilé-ìkàwé wa ní Addis Ababa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ àpèjúwe gbogbo ìwé tí a bá ti yà wọ inú kọ̀ǹpútà: ta ló kọ ọ́, èdè wo ni, ọdún wo ló jáde. Ó gbọ́ Amháríìkì, ó gbọ́ Oromo, ó tún ń ka èdè àtijọ́ tí àwọn àlùfáà fi ń gbàdúrà. Ìlànà tí ẹ̀rọ wa ń tẹ̀ lé ló máa ń bí i nínú.

Òkè òkun ni ìlànà náà ti wá. Ó ní orúkọ ìdílé ni kí á kọ́kọ́ kọ. Àwa ò sì ní orúkọ ìdílé. Orúkọ mi ni tèmi, èyí tó tẹ̀ lé e ni ti bàbá tó bí mi, ó parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan wọlé, Galgaloo Jaldeessaa. Ó ti da màlúù títí ní Borana, ní gúúsù ilẹ̀ wa, ó sì kọ ìwé lédè Oromo nípa ewé àti egbò tó ń wo ẹran sàn. Ó gbọ́ pé ìwé náà ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ orúkọ rẹ̀. Kò rí nǹkan kan.

Etaferahu bá a wá a títí. "Bàbá, òun nìyí. 'Jaldesa' ni wọ́n fi í sí."

Bàbá tẹjú mọ́ ẹ̀rọ. "Bàbá mi nìyẹn! Bàbá mi tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, ẹ wá sọ ọ́ di òǹkọ̀wé? Ẹ ò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Jaldeessaa ni, ẹ fà á!"

"Ẹ má bínú, bàbá. Màá tún un ṣe."

Ó tún un ṣe lóòótọ́. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ ti dá a padà sí bó ṣe wà. Ó tún un ṣe, ẹ̀rọ tún dá a padà. Ó gbá tábìlì, kọfí mi dànù.

Ó lọ bá Ato Fisseha, ọ̀gá wa.

"Ọ̀gá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìtọ́jú ẹran ń wá ìwé yìí, wọn ò rí i."

"Ṣé mi ò mọ̀ ni? Tí a bá kọ tiwa lọ́tọ̀, àwọn ilé-ìkàwé tó kù ò ní lè rí ìwé wa rárá."

"Wọ́n ń rí i báyìí ni?"

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Òun náà ti kọ̀wé sí àwọn tó ni ìlànà náà lókè òkun títí ó fi sú u.

Nígbà tó yá, wọ́n dá wa lóhùn. Wọ́n fi àpótí tuntun kan sórí ẹ̀rọ, tí a lè kọ orúkọ sí bí ẹni tó ni ín ṣe ń kọ ọ́. Inú Etaferahu dùn débi pé ó ra búrẹ́dì fún gbogbo wa. Ó pe bàbá pé kó máa bọ̀. Bàbá dé, ó tẹ orúkọ rẹ̀. Pàbó! Orúkọ wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í wo ibẹ̀ tí ènìyàn bá ń wá ìwé.

Etaferahu tọ́ka sí ẹ̀rọ. "Bàbá, tí ẹ bá lè máa tẹ Jaldesa..."

"Kí n máa jẹ́ bàbá mi kí n tó rí ìwé mi? Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ẹjọ́ rẹ kọ́. Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ fún mi."

Ó bẹ̀ ẹ́, èmi náà bẹ̀ ẹ́. Bàbá ò gbà. Etaferahu yọ ìwé náà, ó dìde, ó jáde síta, kò sì wọlé mọ́ títí a fi ṣíwọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń wá bi wá léèrè ìwé ewé màlúù. Nọ́ńbà fóònù bàbá ni Etaferahu ń fún wọn báyìí, ojú rẹ̀ a sì le koko tó bá ń kà á.