Ẹni Tí Rudduck Wá Lọ sí New Guinea

Ìdílé tó ń sin àgùntàn ni wọ́n bí Colin Rudduck sí, ní ìgbèríko tó jìnnà sí ìlú Hay, ní Ọsirélíà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, wọ́n kó òun àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Merv Tolhurst lọ sí ìlú Narrandera láti kọ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn. Ẹnu Merv kì í dákẹ́, Colin kì í sì í fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí náà ọ̀rẹ́ wọn wọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn olùkọ́ fi rí i pé ojú Colin kò ríran jìnnà tó. Wọ́n dá a padà sídìí títún ẹ̀rọ ṣe.

Merv rẹ́rìn-ín. “Kí lo tiẹ̀ fẹ́ máa fi ojú yẹn wò lókè? Àgùntàn?”

Merv nìkan ló lọ jagun ní erékùṣù New Guinea. Lọ́jọ́ kan, ó wa ọkọ̀ wọnú kùrukùru orí òkè, wọn ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Wọ́n wá a títí, wọ́n jáwọ́.

Nígbà tí ogun parí, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ gbéyàwó, Colin bá àwọn tó ń wá ọkọ̀ òfuurufú tó sọnù àti òkú àwọn tó wà nínú wọn lọ sí New Guinea. Ó ń fẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀ láti abúlé dé abúlé, ó ń jẹ ẹran inú agolo, ó ń hú egungun ọmọ olọ́mọ. Nígbà mìíràn, ọ̀sẹ̀ kan á kọjá láìgbọ́ èdè rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ní abúlé kan lábẹ́ òkè, ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Kaiva mú un lọ sídìí sàréè kan lẹ́yìn oko rẹ̀. Ògbufọ̀ kan ní abúlé náà túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé òyìnbó kan ló rápálá jáde látinú igbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Kaiva na irin pẹlẹbẹ tó bọ́ lọ́rùn òkú náà sí Colin, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun máa ń so mọ́rùn. Orúkọ Merv ló wà lára rẹ̀.

“Ìyá, ṣé ó sọ̀rọ̀ kó tó kú?”

“Ó sọ̀rọ̀ gan-an, ọmọ mi. Mi ò gbọ́ ìkankan nínú èdè rẹ̀. Mo ṣáà ń dá a lóhùn.”

Colin jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kaiva gbé iṣu sísun fún un, kò lè jẹ ẹ́.

Nígbà tó padà sí Ọsirélíà, ó lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá Merv. Ìyá náà bu tíì sí ife méjì, ó gbàgbé láti gbé ọ̀kan fún un.

“Ìyẹn ni pé kò dá wà,” ló wí.

“Rárá, mà. Kò dá wà.”

Ó ní kó dúró jẹun alẹ́. Colin ní ọkọ̀ ojú irin ń dúró de òun. Kò sí ọkọ̀ kankan lọ́jọ́ náà. Ó rìn dé ibùdókọ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.