Kò Sí Ará Ìta Níbí

Bí ọmọ yín bá ń lọ iléèwé ní Soje, nílùú Minna, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Rọ́fíàt ló rán aṣọ tó ń wọ̀ lọ. Ará Ìlọrin ni, àmọ́ Minna ló ti lo ayé rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sin Yínúsà ọkọ rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti dá tọ́ Labibah, ọmọ kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ fún un. Obìnrin jẹ́ẹ́ ni. Kì í bá èèyàn jà, kì í sì í yẹ ọjọ́ tó bá dá fún oníbàárà. Àléébù kan ló ní, òun gan-an ò sì mọ̀ ọ́n sí àléébù: kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀ tí kò ní gbé lọ sí Tunga Low Cost, sọ́dọ̀ Alfa Bẹ̀llò, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Opó tó bá dá ọ̀rọ̀ ọmọ gbọ́, tí ọ̀rọ̀ náà bá wá bàjẹ́, ta ló máa bá a tún un ṣe? Nítorí náà, bí Labibah bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, Alfa gbọ́. Bó bá yájú sí aládùúgbò, Alfa gbọ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù rẹ̀, Alfa gbọ́! Ó sì fi ṣe wáàsí fún ọmọ náà lójú àwọn ọmọkùnrin tirẹ̀. Ilẹ̀ ni Labibah ń wò lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tó wọ yunifásítì ní Gidan Kwano lọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ó wálé lọ́jọ́ kan, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí máṣíìnì, ó ní òun kì í rí oorun sùn mọ́, àyà òun ń já ṣáá, nígbà mìíràn ó ń ṣe òun bíi kí òun sùn kí òun má jí.

"Màmá, don Allah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnì kankan."

Rọ́fíàt ní òun ò ní sọ. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Tunga. Lójú tirẹ̀, kò sọ fún ẹnì kankan, Alfa ló sọ fún. Kí Labibah tó jí lọ́jọ́ kejì, mọ̀lẹ́bí ti kún pálọ̀. Wọ́n ní àlùjọ̀nnú ló ń dà á láàmú, wọ́n ń ké Kùránì lé e lórí, wọ́n ń wọ́n omi sí i lójú. Kí Jímọ̀ tó dé, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ọmọ náà kó aṣọ rẹ̀ padà sí Gidan Kwano, kò sì wálé mọ́. Kò wálé ọdún Ìtúnu, kò wálé Iléyá, bí ìyá rẹ̀ bá pè é, kò ní gbé e. Ibi tí bọ́ọ̀sì ń ná láràárọ̀ wá di ibi tí Rọ́fíàt ò lè dé. Á máa dá sunkún nídìí máṣíìnì, omi ojú á máa kán sórí aṣọ ọmọ ọlọ́mọ.

Àfi bí Labibah ṣe fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́jọ́ kan. Ó ní òun ti rí obìnrin kan tó máa ń gba ìyá àti ọmọ nímọ̀ràn lórí fóònù, Roseline lorúkọ rẹ̀, ó gbọ́ Yorùbá, òun sì ti ń bá a sọ̀rọ̀ bọ̀. Obìnrin náà fẹ́ kí ìyá dara pọ̀ mọ́ wọn. "Bó bá lọ dáadáa, Màmá, màá wálé."

Màá wálé! Rọ́fíàt gbọ́ ohùn yẹn ní àgbọ́túngbọ́. Ó ra dátà, ó gbá pálọ̀, ó yọ aṣọ Jímọ̀ rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe ohun tó máa ń ṣe. Ta ló ń parí ìjà ìdílé láìsí àgbà níbẹ̀? Kí wọ́n bá òun àti ọmọ òun dá sí ọ̀rọ̀, kí ẹbí bàbá ọmọ má sì wà níjòókòó, ṣé òun jí ọmọ náà gbé ni? Ló bá pe Alfa Bẹ̀llò.

Alfa dé lẹ́yìn ìrun Àsáàrì, tòun ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó jókòó sórí àga ìdí ògiri, níbi tí kámẹ́rà fóònù ò ti lè mú un. Kì í ṣe pé ó ń sá pamọ́ o. Ó ní òun ò fẹ́ kí obìnrin àjèjì máa wo òun lójú.

Roseline yọ sójú fóònù, Labibah náà yọ. Ọmọ náà ti rù. Ó ń ṣe Rọ́fíàt bíi kó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú fóònù náà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màmá," Roseline kí i. "Ká tó bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ dá wà níbẹ̀? A ò fẹ́ kí ará ìta gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí."

Rọ́fíàt wo Alfa. Alfa mi orí, bíi pé òun kì í ṣe ará ìta.

"Kò sí ará ìta níbí, ọmọ mi," Rọ́fíàt ní. Ó sì dá a lójú pé òótọ́ lòun sọ.

Labibah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Màmá, mi ò bínú torí àdúrà yẹn. Mo mọ̀ pé ire lẹ fẹ́ fún mi. Àmọ́ ẹ ṣèlérí. Láti kékeré, bí mo bá sọ nǹkan fún yín, wallahi, kò ní sùn nílé. Bàbá Alfa á ti gbọ́. Nǹkan oṣù mi pàápàá! Nígbà tó yá, mo ní mi ò ní ìyá, aṣojú Bàbá ni mo ní nílé."

Ojú ti Rọ́fíàt débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Kò fẹ́ wo ìdí ògiri, ó sì wò ó. Tẹ̀sùbáà ti dúró lọ́wọ́ Alfa. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó sọ ọ́. Ó yẹ kó ní, "Labibah, dúró ná, Bàbá wà níbí." Ó yẹ kó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta fún wa." Ó wà lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ ìyàwó ilé tí kò lé àgbà dìde rí láyé rẹ̀, níbo ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ó gbé e mì.

"Dárí jì mí, ọmọ mi. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Labibah sunkún, ó fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú. Ó wá sún mọ́ fóònù, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Nǹkan kan wà, Màmá. Mi ò tíì sọ fún Aunty Roseline pàápàá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tó kọjá, òun ni ò jẹ́ n rí oorun sùn. Lọ́jọ́ náà…"

"Kai! Kí ló ṣẹlẹ̀?" ohùn Alfa bú jáde láti ìdí ògiri. "Sọ ọ́ kíá, kí ló ṣe ọ́?"

Rọ́fíàt rò pé ọmọ náà máa pariwo. Kò pariwo. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bíi ti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò yà lẹ́nu.

"Barka da yamma, Bàbá," ó kí i, ohùn rẹ̀ tutù. Ojú rẹ̀ sì kúrò nínú fóònù.

Roseline ló kù. "Màmá, ẹ ní kò sí ará ìta."

"Kò sí," Rọ́fíàt dáhùn, omi ti gba ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni."

Nígbà tó ṣe, Roseline fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní Labibah á máa bá ìtọ́jú rẹ̀ lọ, òun nìkan, ọmọ náà sì ní kí ìyá òun jọ̀ọ́ má pe òun.

Nígbà tó di Jímọ̀, Alfa kó mọ̀lẹ́bí jọ sí pálọ̀ Soje. Rọ́fíàt fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹní fún wọn. Wọ́n sọ ọ́ síwá, wọ́n sọ ọ́ sẹ́yìn, Alfa wá kọjú sí i.

"Ìyàwó wa, ìwọ lo bí i. Kí lọmọ yẹn fẹ́ sọ?"

Gbogbo ojú yí sí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wọ ìdílé wọn, Rọ́fíàt pinnu pé òun ò ní sọ. Á pa á mọ́ fún ọmọ rẹ̀, á gbé e wọ sàréè. Ìgbà náà ló tó wá yé e pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ òun tí òun fẹ́ pa mọ́.

"Mi ò mọ̀," ó ní.

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.