Ọ̀pá tó ń kan Yìnyín

Lánàá, ní ìsọ̀ ẹlẹ́ja ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, wọ́n ń fi irin fọ́ yìnyín orí ẹja: kó, kó, kó. Àyà mi já.

Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn wa bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Màámi fà mí wọ abẹ́ tábìlì, wọ́n fọwọ́ bò mí lẹ́nu. "Má mí o. Wọ́n á rò pé a ò sí nílé."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá kan wá kí kíláàsì wa láti ilẹ̀ yìnyín lókè àríwá. Tíṣà ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í rìn lórí yìnyín ibẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn èèyàn ìyá náà ṣáájú. Ìyá náà gbé ọ̀pá rẹ̀, ó fi kan ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kan yìnyín láti fi gbọ́ bóyá ó le tó láti tẹ̀: kó, kó, kó. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lábẹ́ tábìlì.

"Bọ́lá ti jìn sínú yìnyín o!" ni ọmọ kan ké. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ tì mí. Aṣọ awọ rẹ̀ ń rùn bí èéfín àti òróró ẹja.

"Ta ló kọ́ ẹ láti máa fetí sílẹ̀ báyìí?"

"Mummy mi ni."

"Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń fetí sílẹ̀ ló ń délé. Wàá délé." Ó fi ọ̀pá náà lé mi lọ́wọ́.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé a ò ní ìwé ìgbélùú nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ tí ìwé náà jáde, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Mo ti ń wo abẹ́ tábìlì. Màámi nahùn láti kíṣìnì: "Ta nìyẹn o? Ẹ wọlé, ilẹ̀kùn ò tì!"