Ohun tí Màmá Ará Táíwàn Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Kọ

Ọ̀bẹ ń dún pọ́-pọ́-pọ́ lórí pákó, òórùn jínjà àti ewé àlùbọ́sà gba gbogbo ilé ìdáná, ni ọmọkùnrin màmá ará Táíwàn bá fọwọ́ lu tábìlì.

“Ẹ jẹ́ ká kéde òmìnira wa fáyé gbọ́! Ó di ìgbà wo?”

Àbúrò ọkọ màmá, tó wá kí wọn, ò tilẹ̀ gbójú sókè. “Òmìnira lọ́wọ́ ta? Ará Ṣáínà ni gbogbo wa. Ibẹ̀ làwọn baba ńlá wa ti wá.”

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi, ọjọ́ tó bá wà lọ́sibítù, ilé màmá ará Táíwàn, aládùúgbò wa ní Lake Arbor, ní Maryland ní Amẹ́ríkà, ni bọ́ọ̀sì iléèwé ń já mi sí. Mo máa ń bá wọn fi ìyẹ̀fun pípò wé ẹran lílọ̀. Èyí tí mo bá wé tí kò dára, wọn kì í bá mi wí. Wọ́n á tú u, wọ́n á tún un wé.

Lọ́jọ́ náà, màmá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Èmi kì í ṣe ará Ṣáínà,” wọ́n sọ fún àbúrò ọkọ wọn. “Ọmọ Táíwàn ni mí.” Wọ́n wá yíjú sí ọmọ wọn. “Ìwọ náà, Maryland lo jókòó sí tó o ti ń pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wà létí òkun lọ́hùn-ún. Bí ogun bá dé, àwọn ló máa sá. Jẹ́ kó wà bó ṣe wà.”

“Ẹ̀rù ló ń bà yín, Màmá.”

“Ẹ̀rù ń bà mí ni. Mi ò sì tijú ẹ̀.”

Ọmọ wọn mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. A ò tún rí i títí yìnyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kọjá ni màmá ń yọjú lójú fèrèsé.

Nígbà òtútù yẹn, ìyá mi gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo sì tẹ̀ lé wọn. Akọ̀wé fún wọn ní fọ́ọ̀mù kí wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n kà á, wọ́n dá bírò padà.

“Ẹ kọ Ṣáínà síbi tí wọ́n bí mi sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe.”

Akọ̀wé ní kọ̀ǹpútà ló gbé e jáde bẹ́ẹ̀, pé kò ṣe nǹkan kan. Màmá lọ jókòó. Àwọn tó dé lẹ́yìn wa wọlé, wọ́n jáde. Ìyá mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́, ń tòògbé. Ó lé ní wákàtí kan kí ẹnì kan tó wá fọwọ́ kọ Táíwàn sí i. Ìgbà náà ni màmá tó fọwọ́ sí i.

Mo ti ròyìn ìjà ọjọ́sí fún ìyá mi. Nínú ọkọ̀, ó bi wọ́n pé, “Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kó wà bó ṣe wà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Táíwàn ló sì ń jẹ́ bó ṣe wà yẹn.”

Ìyá mi pe ọmọ wọn lórí fóònù, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ Sunday, ọmọ wọn dé. Òun àti màmá ò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ òmìnira títí màmá fi kú, àmọ́ ó jókòó, ó jẹun, ó sì fọ abọ́.

Ní báyìí tí mo ti dàgbà, níbi iṣẹ́ mi ní Suitland, ní Maryland kan náà, àwọn kan máa ń ní àwọn ará Táíwàn ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́: wọn ò fẹ́ dara pọ̀ mọ́ Ṣáínà, ọ̀pọ̀ wọn ò sì fẹ́ kéde òmìnira. Mo máa ń sọ fún wọn pé èèyàn lè mọ ẹni tóun jẹ́ dájú, kó má sì fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ kú.