Ọwọ́ Mi Lọ́fun Ìyá Onílé

Ìró kan wà tí ọ̀fun ènìyàn máa ń ṣe nígbà tí omi bá ń kọjá, ìró jẹ́jẹ́ bíi ti ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n rọra tì nítorí ọmọ tó ń sùn. Ní ọdún tí mo lò kẹ́yìn ní yunifásítì, ìró yẹn ni mò ń wá kiri, láti Igbó-Elérin dé Òkókómáíkò, láti Ìbà dé Ajángbádì, ní agbègbè Ọ̀jọ́ nílùú Èkó. Mo gbé ike omi kan dání, ife kékeré, aago ọwọ́, àti ẹ̀rọ tí àwọn dókítà fi ń gbọ́ ohun tó wà láyà. Tí mo bá rántí àwọn ọ̀sán yẹn báyìí, ó máa ń dà bíi pé inú omi ni mo ti ń rìn, tí gbogbo àdúgbò dákẹ́, tí ọ̀fun àwọn àgbà nìkan ń dún.

Ọ̀gá mi, olùkọ́ obìnrin kan tó jẹ́ ará Èkìtì, ni wọ́n ń ṣe ìwádìí nípa bí ẹnu, ojú àti ọ̀fun àwọn àgbàlagbà ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ bí ètè ṣe ń pa omi mọ́, bí ahọ́n ṣe ń tì í lọ sẹ́yìn, àti bí gògóńgò ṣe ń gòkè kí omi má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Wọ́n sọ fún mi pé ẹlòmíràn wà tí omi ń ṣì lọ́nà fún lójoojúmọ́ tí kò ní wúkọ́ rárá, àyà rẹ̀ yóò kàn máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní, bí àgbà bá ń mu omi, kí n tẹjú mọ́ ojú rẹ̀, kí n fi ìka mẹ́ta lé e lọ́fun, kí n sì ní kó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, kí n gbọ́ bóyá omi kù nínú ohùn rẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́, mà. Mo gbọ́ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ní apá Ọ̀yọ́. Ọmọ tó bá ń ranjú mọ́ àgbà, wọ́n á ní ojú rẹ̀ ti le. Bí àgbà bá ń báni sọ̀rọ̀, ilẹ̀ là ń wò. Bí àgbà bá ń jẹun, ọmọ tó bá ń wo ẹnu wọn, olójúkòkòrò ni. Ká má tiẹ̀ wá sọ pé kí ọmọbìnrin ẹni ọdún méjìlélógún na ọwọ́ sí ọ̀fun ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún! Níbi tí mo ti wá, ẹni tó bá na ọwọ́ sí ọ lọ́fun, ìjà ló ń wá. Nítorí náà mo máa ń kúnlẹ̀, màá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife fún wọn, màá tẹjú mọ́ ilẹ̀, màá máa fi etí lásán ka ìró. Wọ́n á súre fún mi, wọ́n á ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni mí, orí mi á sì wú. Ẹni mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo yẹ̀ wò báyẹn, gbogbo wọn pátá ni mo kọ “kò síyọnu” fún. Ká ní ẹ rí ìwé mi nígbà náà, ẹ ó rò pé ọ̀fun kì í gbó nílẹ̀ Ọ̀jọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn ni ìyá onílé wa ní Igbó-Elérin, níbi tí mo háyà yàrá sí. Àwórì ni wọ́n, opó ni wọ́n, àwọn ni wọ́n sì ń dá orin fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìjọ aláṣọ funfun tó wà lẹ́yìn ilé. Àìsàn kan ti kọ lù wọ́n ṣáájú kí n tó dé ilé náà, ó sì mú kí ètè wọn yẹ̀ díẹ̀ sápá òsì. N kò rí i rí, bẹ́ẹ̀ àràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ kí wọn. Lọ́jọ́ tí mo fún wọn lómi, wọ́n súre fún mi, ohùn wọn sì ń hó bíi ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná. Mo rò pé ọjọ́ orí ni. Mo kọ “kò síyọnu” fún àwọn náà.

Kò ju oṣù kan ààbọ̀ lọ tí wọ́n fi dùbúlẹ̀. Ibà mú wọn, èémí wọn ń há, wọ́n rù. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró ni, wọ́n lo oògùn, ara wọn yá, kò pẹ́ ó tún gbé wọn dè. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ìyàwó ọmọ wọn ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bí màmá bá ti jẹun tán ni èémí máa ń há wọn, àbí ọ̀fun ni kí àwọn ní kí dókítà wò. Ọkọ rẹ̀ ní kó fi ìyẹn sílẹ̀. “Ọmọ yunifásítì inú ilé yìí ti yẹ ọ̀fun wọn wò. Ó ní kò síyọnu.”

Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí gan-an. Bí màmá bá kú, ọ̀rọ̀ méjì tí mo kọ láìwo ojú wọn ló pa wọ́n.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi. Mo ti rò ó pé wọ́n á lé mi, pé ìwé ẹ̀rí mi ti wọmi. Wọ́n kàn bi mí pé ẹni mélòó ni mo fọwọ́ kàn nínú wọn. Mo ní kò sí, mà. Wọ́n mú báàgì wọn, ó di Igbó-Elérin.

Nígbà tí a dé iwájú màmá, obìnrin tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún yìí, tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń sá fún, kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Wọ́n ní, “Màámi, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n wo ojú yín, kí n sì fọwọ́ kan ọ̀fun yín.” Màmá ní àwọn fún wọn láyè. Ó parí! N kò mọ̀ pé ohun tí ènìyàn lè tọrọ ni. Ọ̀gá mi gbé omi ṣíbí kan sí wọn lẹ́nu, wọ́n fi ìka lé gògóńgò, wọ́n gbọ́ àyà wọn, wọ́n sì mi orí. Gògóńgò ń pẹ́ kó tó gòkè, omi sì ti ń ṣíwájú rẹ̀ lọ.

Ni mo bá bú sẹ́kún, mo sọ gbogbo ohun tí mo ṣe fún màmá. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n sinmi díẹ̀ kí èémí wọn lè tó.

“O bọ̀wọ̀ fún mi, ó kù díẹ̀ kí o bọ̀wọ̀ fún mi wọ sàréè. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Gbójú sókè.”

Mo gbójú sókè. Wọ́n fa ọwọ́ mi fúnra wọn, wọ́n gbé e lé ọ̀fun wọn. Awọ ibẹ̀ rọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán ọ̀sán ni mò ń jókòó tì wọ́n. A fi omi lásán sílẹ̀, ògì tó ki ni wọ́n ń mu, ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á tún gbé e mì. Atẹ́gùn ọ̀sà á máa fẹ́ wọlé, kọ́tìnì á máa lọ á máa bọ̀, èmi á máa wo ojú àgbà fún wákàtí kan gbáko láìṣẹ́jú. Nígbà míì orin á sọ sí wọn lọ́fun, wọn ò ní kọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n màá gbọ́ ọ lábẹ́ ìka mi. Bí ògì bá fẹ́ pá wọn lórí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn oṣù kẹrin, wọ́n mu odindi ife omi kan, mo ní kí wọ́n dárúkọ mi, ohùn wọn sì jáde ní gbígbẹ, ó mọ́ kedere. Mo wá padà sọ́dọ̀ àwọn méjìdínlọ́gbọ̀n tó kù, mo ń tọrọ àyè láti ilé dé ilé. Kò sí ẹnì kankan tó fi dù mí. Méjì nínú wọn ni omi ń ṣì lọ́nà fún.

Màmá lo ọdún mẹ́ta sí i. Èmi náà ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ báyìí, iṣẹ́ ẹnu àti ọ̀fun ni mò ń ṣe títí di òní. Bí mo bá pa ojú dé, mo lè ya ojú màmá fún yín: àbàwọ́n kékeré tó wà lábẹ́ ètè, ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú òsì tó máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí ọ̀tún tó tẹ̀ lé e.

Ìyá tó bí ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà ní Ọ̀yọ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo lò lọ́dọ̀ wọn, mo fẹ́ràn wọn ju ẹnikẹ́ni lọ láyé, wọ́n ti lọ báyìí, wọn kò sì ya fọ́tò rí. Nígbà míì mo máa ń jókòó, màá gbìyànjú láti rántí ojú wọn. Ẹsẹ̀ wọn nìkan ni mo rántí.