Iná Búlúù Alàájì Lójú Ọ̀nà Yaoundé

Ìdájí la kúrò ní Bépanda, àdúgbò wa ní Douala, kí àwọn ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní bẹ́ńsíkìn níbí, tó dí oríta wa. Alàájì Sàlámì ló ń wakọ̀, èmi sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aṣọ ló ń tà ní Marché Congo, Faransé rẹ̀ kò sì kọjá ti ọjà. Èmi ni mò ń túmọ̀ ìwàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni àwa méjèèjì. Ìdí nìyẹn tó fi bẹ̀ mí pé kí n bá òun dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rí sí òfin ọkọ̀ ní Yaoundé.

Iná kan ló ń gbé lọ fún wọn. Lọ́dún tó kọjá, ìkùukùu bo ọ̀nà yìí, àbúrò rẹ̀ Kàmọ́rù dẹ eré, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò tètè mọ̀, ó sì rọ́ lù ú. Kàmọ́rù kò délé mọ́. Láti ìgbà náà ni Alàájì ti ń jókòó ti àwọn oníwáyà ní Bépanda, títí wọ́n fi rí iná náà ṣe. Bí awakọ̀ bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tó ń mú ọkọ̀ sáré, kó tó tẹ búréèkì rárá, iná búlúù á máa ṣẹ́jú lẹ́yìn ọkọ̀. Ó ní búlúù ló ń la ìkùukùu kọjá.

Ilẹ̀ mọ́ bá wa lẹ́yìn Yassa. Ẹ̀yin ará ilé, igbó ibẹ̀ kì í ṣe bíi ti ọ̀dàn wa tí ojú ń ríran jìnnà. Ó dúró lọ́tùn-ún lósì bí ògiri. Nígbà tá a gun afárá odò Sanaga ní Edéa, mo yọ orí lójú fèrèsé wo omi náà. Odò Ọya tí mo rí ní Jẹ́bà nìkan ni mo lè fi wé e. A ra bóbólò níbẹ̀, igba fàráǹkì ọ̀kan. Gbágùúdá kíkan ni, wọ́n fi ewé wé e gígùn bí apá, ó sì le ju fùfú wa lọ.

A ò tíì jẹun tán nígbà tí jàndáàmù kan, ọlọ́pàá tó ń múra bíi sójà, dá wa dúró. Ó ti rí búlúù náà. Ó bi wá léèrè ta ló fún wa láṣẹ. Alàájì ní kí n sọ ọ̀rọ̀ Kàmọ́rù fún un, mo sì sọ ọ́. Ọkùnrin náà ṣí fìlà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí a já wáyà iná náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ kò ní kúrò níbẹ̀. Alàájì fúnra rẹ̀ ló já a.

Yaoundé wà lórí àwọn òkè, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì tutù ju ti Douala lọ. Obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá ló gbà wá. Mo rò pé á lé wa, àmọ́ ó tẹ̀ lé wa jáde sínú ọgbà, ó ní kí Alàájì so wáyà náà padà. Ó dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń ṣẹ́jú, ó sì ní kó tún tàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbà pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀.

“Bàbá, bí búlúù bá ti yọ lójú ọ̀nà, gbogbo ènìyàn á yà fún ọkọ̀ aláìsàn. Bí ọkọ̀ aláṣọ náà bá ń tan búlúù, lọ́jọ́ tí aláìsàn bá ń kọjá, ta ni yóò yà?”

Alàájì wo ilẹ̀. Ó ní kí n bi í bóyá òfin ti sọ pé kí ẹni tó rí nǹkan má wí.

“Òfin kò ní kí ẹ dákẹ́,” ni obìnrin náà dáhùn. “Ó ní kí gbogbo wa máa sọ èdè kan náà, torí ẹni tó ń sáré kò ráyè ògbufọ̀.”

Èmi ògbufọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ túmọ̀ ìyẹn.

Ó ṣàlàyé pé kí iná náà di pupa bíi ti ẹ̀yìn ọkọ̀ yòókù, kó má ṣẹ́jú mọ́, kí Alàájì sì gbé e padà wá fún àwọn tó ń dán irú rẹ̀ wò. Homologation ni wọ́n ń pe àṣẹ tó ń sọ pé ohun kan yẹ lójú títì. Kí àṣẹ náà tó dé, iná náà kò gbọdọ̀ tàn lójú ọ̀nà gbogbo ènìyàn. Kò ṣèlérí kankan.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ lọ́sàn-án, òjò ńlá dé. Ní kọ́nà kan, Alàájì rí òkìtì ewé tútù lójú títì, ó sì dẹ eré lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn kọ́nà náà ni ọkọ̀ agégẹdú kan kú sí, gẹdú ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi ju yàrá mi lọ. Awakọ̀ rẹ̀ ló ya ẹ̀ka igi lélẹ̀. A kọjá, Alàájì sì dúró síwájú. Ó bọ́ sínú òjò, ó ya ẹ̀ka sí i, ó padà sẹ́yìn jìnnà ju ibi tí awakọ̀ náà dé lọ, ó ń tò wọ́n.

Mo dúró lábẹ́ agbòjò, mò ń wò. Àwọn Bassa ń kọjá, àwọn Duala ń kọjá, Hausa, Faransé, àwọn tí n ò mọ èdè wọn. Gbogbo wọn dẹ eré. Àrokò ni ewé náà, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Orí mi wú. Alàájì padà wá, omi ń kán lára rẹ̀.

“Ìyá Dèbórà,” ló pè mí, “ta ló kọ́ gbogbo wọn?”

Mo na agbòjò bò ó.

Nígbà tá a dé Bépanda, ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá wọ́n gbà á. Ó ní wọn ò tíì gbà á, wọn ò sì kọ̀ ọ́. Kó tó bọ́ aṣọ tútù lára, ó tú gíláàsì búlúù ojú iná náà kúrò, ó gbé e fún mi pé kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. Ó wà lórí fèrèsé mi báyìí. Ogún ọdún ni mo ti fi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún àwọn ènìyàn, mo rò pé láìsí irú wa, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ẹnì kejì rẹ̀ yé. Ọ̀nà Yaoundé ló fi hàn mí pé àjèjì lè gbọ́ àjèjì yé nínú òjò, kí ẹ̀mí wọn sì dúró lórí rẹ̀.