Igbó tí Ẹ̀rí Mi Bá Wọn Sun

Òórùn igi tútù tí ń jóná lábẹ́ erùpẹ̀ kò jọ òórùn iná ìdáná. Ó wúwo, ó korò díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ títí a ó fi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òun ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ilẹ̀ ìjọ wa tó wà lójú ọ̀nà Sekona. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èéfín fi ń yọ lára àwọn òkìtì tí àwọn tí ń sun èédú mọ síbẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá gun ọ̀kadà gba ibẹ̀ wá sí ìsìn ní Ẹdẹ, àwọn tó jókòó tì í yóò mọ ọ̀nà tó gbà wá.

Olùkọ́ kẹ́mísírì ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú. Bàbá ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló fi ilẹ̀ náà tọrẹ láyé àtijọ́, apá kan fún oko, apá kejì fún igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé àfi bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Màmá nìkan ló ṣẹ́ kù nínú àwọn ọmọ ọ̀hún, ilé wọn kò sì jìnnà sí etí igbó. Igi àyin àti igi apá ló pọ̀ jù níbẹ̀, igi líle tí èédú wọn máa ń pẹ́ lójú iná, ìdí sì nìyẹn tí ojú àwọn elédùú fi wọ̀ ọ́. Odò kékeré tí Màmá ń pọn gba abẹ́ ìbòòji igbó náà kọjá.

Nígbà tí ìjọ fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ti bá elédùú kan dúnàádúrà igi inú igbó náà tán kí ó tó rántí Màmá. Màmá kọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà náà ló wá bá mi nílé.

“Tíṣà, ìwọ ni Màmá máa gbọ́ tìẹ. Wọ́n ní èmi máa ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jí ẹran.”

Ó ti ní ètò kan lọ́wọ́: bí wọ́n bá gé igi kan, ìjọ yóò gbin ọmọ igi tíìkì méjì dípò rẹ̀. Ó pè é ní Igi Kan Lọ, Igi Méjì Dé. Ẹgbẹ́ akọrin ti ń fi kọrin kí ẹnikẹ́ni tó gbin nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, mo bọ́ síwájú ìjọ, mo sì ya òbìrìkìtì kan sójú pátákó. Mo ṣàlàyé pé kábọ́ọ̀nù wà nínú afẹ́fẹ́, pé ewé ń gbà á, igi ń fi í ṣe ara, iná ń tú u padà sínú afẹ́fẹ́, ewé mìíràn yóò sì tún gbà á. Mo ní nǹkan kan kò sọnù nínú ayé Olúwa. Ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Màmá gbé ọwọ́ sókè. “Tíṣà, iná yóò jó o tán lọ́dún yìí. Àwọn ọmọ igi yẹn ńkọ́, ọdún mélòó ni wọn yóò fi kó o jọ?”

Mo mọ ìdáhùn. Mo mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà lè ti ní ọmọ-ọmọ kí ilẹ̀ náà tó gbé irú igi tí à ń wò yẹn. Mo tún rí ojú akọ̀wé, mo rí ojú àwọn alàgbà, mo sì dáhùn pé, “Díẹ̀díẹ̀ ni, Màmá. Ọwọ́ Ọlọ́run ló wà.”

“Ṣé ẹ fẹ́ dúró kà á ni, Màmá?” Akọ̀wé ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, Màmá náà rẹ́rìn-ín, Màmá sì tẹ̀ka sí ìwé ìyọ̀ǹda náà. Èmi ni mo buwọ́ lùwé sábẹ́ ìka wọn gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò gba àkókò. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì wọ igbó, òkìtì yọ èéfín, ọkọ̀ akẹ́rù kó àpò èédú gba ọ̀nà Èkó lọ. Nítorí pé akọ̀wé fẹ́ kí ayẹyẹ igi gbígbìn bọ́ sí ṣáájú Kérésìmesì, kí àwọn ọmọ ìlú tó wá sílé lè ya fọ́tò, inú ọyẹ́ la gbin àwọn ọmọ igi ọ̀hún. Ọmọ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé òjò ti lọ. Kí òjò àkọ́kọ́ tó tún rọ̀, wọ́n ti gbẹ, àwọn kan nínú ọ̀rá tí a kò tilẹ̀ bọ́ kúrò lára wọn. Odò Màmá di ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn ọdún náà.

Òbìrìkìtì tí mo yà kì í ṣe irọ́. Ohun tí n kò sọ ni pé kì í fi ìṣísẹ̀ kan náà yí. Ohun tí igi ti ń rọra kó jọ láti ayé bàbá Màmá ni a tú sáfẹ́fẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tí ilẹ̀ sì ti fi pamọ́ sínú epo kí èèyàn tó wà ni à ń fi jẹnẹrétọ̀ tú síta lójoojúmọ́. Kò sí ewé tó lè sáré tó bẹ́ẹ̀. Ooru tí gbogbo wa ń ráhùn rẹ̀ nínú ìlú lónìí, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ní ìpàdé ọdọọdún tó tẹ̀ lé e, mo dìde, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Akọ̀wé ní, “Ọ̀rọ̀ inú ilé nìyí, Tíṣà. Àbí ará ìta lo fẹ́ kó bá wa parí ẹ̀?” Wọn kò kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé ìpàdé. Ohun tó wà níbẹ̀ títí di òní ni pé igi ìjọ ti di ìlọ́po méjì.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Gààrí ni wọ́n ń jọ̀, wọn kò sì dáwọ́ dúró.

“Dìde, Tíṣà. N ò bínú sí àwọn tó dáná. Wọn ò mọ ohun tó o mọ̀.”

Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń pe irú ohun bẹ́ẹ̀ ní àṣìṣe. Èmi kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ìwé ìjọ kò bá ní sọ ọ́, èmi tí orúkọ mi wà lábẹ́ ìka Màmá ni kí n sọ ọ́ síta: kì í ṣe àìmọ̀ ló sun igbó náà.